Gèlè Tí Mo Wé Gun Òkè

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Ọ́sítríà, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lójú títì ni mo máa ń kí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ mi ní Odò-Orò, lẹ́bàá Ìkọ̀lé. Ẹni tó ń ti oko bọ̀, o ó kí i. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, o ó kí i. Kódà ẹni tí ẹ jọ ń bínú síra yín, ẹ ó kí ara yín kí kálukú tó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nítorí náà, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn láàárọ̀ kí n tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè omi, mo sì ń pín ìkíni náà fún ẹni gbogbo. Àwọn kan á dáhùn lábẹ́ eyín. Àwọn mìíràn á wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ni mò ń bá wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí bàbá arúgbó kan ní ibùdókọ̀, mo sì kúnlẹ̀ díẹ̀ láti kí i. Bàbá náà sáré gbá mi lápá mú. Ó rò pé mo fẹ́ dákú ni. Ó ń bi mí bóyá kí òun pe dókítà, àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ sì yí mi ká, obìnrin kan ń na ike omi sí mi. Èdè tí mo gbọ́ kò tíì tó èyí tí mo lè fi ṣàlàyé. Mo gba omi náà, mo mu ún. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ilẹ̀ bí mo bá ń rìn.

Ní yàrá ìfọṣọ hòtẹ́ẹ̀lì kan létí adágún ni mo ti rí iṣẹ́. Abẹ́ ilẹ̀ ni yàrá náà wà. Fèrèsé kan ṣoṣo tó ní ga, ó sì bá ilẹ̀ ìta dọ́gba, tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ àwọn àlejò tó ń lọ sétí omi nìkan là ń rí. Bàtà ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Ẹ̀rọ ìfọṣọ a máa pariwo láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, nítorí náà ọwọ́ la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Hanna, ọ̀gá wa, á na ìka sí agbọ̀n, mo ti mọ̀ pé aṣọ ìbùsùn ló kàn. Á fọwọ́ pa ikùn, mo ti mọ̀ pé àkókò oúnjẹ tó. Ó dàgbà jù mí lọ, ọwọ́ rẹ̀ le, kì í sì rẹ́rìn-ín lásán. Kò ṣe mí níkà rí. Kò sì pè mí sí ibì kankan rí.

Olùkọ́ ni mí nílé. Àwọn ọmọ kéékèèké ní Ìkọ̀lé ni mo ń kọ́. Bí mo bá wọ kíláàsì, gbogbo wọn á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á kí mi bí ẹni ń kọrin, ó sì máa ń sú mi nígbà mìíràn. Nígbà tí mò ń di ẹrù, mo rò pé oúnjẹ ni n ó ṣàárò, mo fi gbẹrẹfu iṣu tí a fi ń ro ọkà kún báàgì. Mi ò mọ̀ pé ìkíni ni yóò wọ́n fún mi. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kí ènìyàn fún ìgbà pípẹ́, onítọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì bóyá òun wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo lè ti ibi iṣẹ́ dé ní ọjọ́ Sátidé kí n má la ẹnu títí di àárọ̀ Mọ́ńdè, àfi bí Màmá bá pè.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi ni Màmá máa ń pè. Òun ni olórí akọrin àwọn ìyá ní ìjọ wa, ohùn rẹ̀ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń wà nílẹ̀. Á béèrè ara mi, á béèrè uṣẹ́, á béèrè ulé tí mò ń gbé, nítorí bí wọ́n ṣe ń pè é lọ́dọ̀ wa nìyẹn, fóònù kò sì yí i padà. Lẹ́yìn náà ni yóò wá béèrè èyí tí mo ń bẹ̀rù: ta lẹni mi níbẹ̀? N ó ní wọ́n pọ̀. Á ní kí n dárúkọ ẹnì kan. N ó ní Hanna. Á gbàdúrà fún Hanna, fún ọkọ Hanna, fún ọmọ Hanna, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ò mọ̀ bóyá Hanna lọ́kọ.

Ènìyàn lè sọ fún ìyá rẹ̀ pé ebi ń pa òun. Ó lè sọ pé ara òun kò yá. Ṣùgbọ́n ojú á máa ti ènìyàn láti sọ fún ìyá tó bí i pé ní gbogbo ìlú tí òun wà, kò sẹ́ni tó fẹ́ mọ òun.

Nígbà tí oòrùn wọn mú dáadáa, ní Tọ́sìdeè kan, Hanna pa ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí n lè gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ. Ó ní lọ́jọ́ Ìsinmi, òun àti ìyá òun pẹ̀lú àwọn méjì nínú àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lórí òkè, lókè adágún, ṣé n ó bá wọn lọ. Ó ní ọ̀nà náà rọrùn, etí omi la ó máa tọ̀, ìyá òun pàápàá ń rìn ín. Mo ti dáhùn kí ó tó dákẹ́.

Ẹ wo ohun tí mo gbọ́: ọjọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì, wá bá wa lọ. Ọmọ Odò-Orò wo ni yóò gbọ́ ìyẹn tí kò ní gbà pé ìsìn ni wọ́n pe òun sí?

Mo pe Màmá lọ́jọ́ náà gan-an. Ó kàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ṣáá. Ó ní kí n múra dáadáa, nítorí bí wọ́n bá ṣe rí àlejò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n á ṣe máa rí i lọ. Mo ní léèsì kan tí mo kó wá, aláwọ̀ ojú ọ̀run, tí mi ò tíì rí ibi wọ̀. Mo lọ̀ ọ́. Mo nu bàtà gogoro mi. Ní ìjọ wa, bí àlejò bá wá, wọ́n á ní kó dìde, kó sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ti wá, gbogbo ìjọ á sì kọrin kí i káàbọ̀, wọ́n á wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níbi tó dúró sí. Mo rò ó pé wọ́n á ní kí èmi náà dìde. Mo fi fóònù tú ọ̀rọ̀ tí n ó sọ sí èdè wọn, mo sì ń há a sórí níbi iṣẹ́. Ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Létí omi, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, ni wọ́n ti ń dúró dè mí. Mo rí wọn kí wọ́n tó rí mi. Ṣòkòtò kúkúrú ni wọ́n wọ̀, bàtà tó nípọn nísàlẹ̀, báàgì lẹ́yìn kálukú. Ìyá Hanna dé fìlà oòrùn, ó di ọ̀pá méjì mú. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n á pààrọ̀ aṣọ tí a bá débẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí mi: léèsì látòkè délẹ̀, gèlè tó dúró gbọnrangandan, Bíbélì lábẹ́ abíyá. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìbá tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Hanna wo bàtà mi, ó wo òkè, ó sì rọra béèrè bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú.

Ọ̀nà náà rọrùn lóòótọ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó tẹ́jú lẹ́bàá omi, igi ṣíji bò ó. Omi náà mọ́ débi pé òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe é kà. Ìyá àti baba ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ kọjá. Ibi tí ọ̀nà ti yà kúrò létí omi tó kọjú sókè ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà síbẹ̀, gìgísẹ̀ bàtà mi sì ń rì sáàárín wọn bí ọkọ́. Ìró mi há mọ́ igi ẹ̀gún. Ẹ̀ka igi kan gbá gèlè mi nídìí, ó ṣí sẹ́yìn, mo ń fi ọwọ́ kan mú un. Ìyá Hanna, tó lè bí ìyá mi, ti lọ síwájú pẹ̀lú ọ̀pá méjèèjì. Nígbà tó yá, ó dúró, ó ń ṣe bí ẹni ń wo òdòdó, kí n lè bá a.

Mo ti ru iṣu gba ọ̀nà oko Odò-Orò nígbà òjò, n kò ṣubú. Níhìn-ín, lórí ọ̀nà tí àwọn ọmọdé ń sá lọ sá bọ̀, mo yọ̀, mo fìdí jókòó. Tọkọtaya kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ fà mí dìde. Ọkùnrin náà gbọn eruku kúrò nínú Bíbélì mi, ó sì ní ṣé àwọn lè ya mí ní fọ́tò nítorí aṣọ mi rẹwà. Mo gbà, nítorí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá láìṣàfojúdi. Mo rẹ́rìn-ín sí fóònù wọn, koríko sì wà lára ìró mi lẹ́yìn.

Mo bọ́ bàtà, mo fi ẹsẹ̀ lásán gun ìyókù.

Ohun kan yà mí lẹ́nu lọ́nà náà. Gbogbo ẹni tó ń bọ̀ látòkè ló ń kí wa. Àwọn ènìyàn tí kì í wo ojú mi ní títì, wọ́n ń kí mi lórí òkè, orúkọ Ọlọ́run sì wà nínú ìkíni náà gan-an. Inú mi dùn díẹ̀. Mo ní wọ́n ń ti ìsìn àkọ́kọ́ bọ̀ nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà kò ju abà kan lọ. Funfun ni, agogo kékeré kan wà lórí rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Kò sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀. Bẹ́ǹṣì díẹ̀, ère kan, òdòdó tó ti gbẹ. Mo bi Hanna pé ìgbà wo ni pásítọ̀ ń bọ̀. Kò kọ́kọ́ yé e. Nígbà tó yé e, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní pásítọ̀ kì í wá síbẹ̀ àfi lọ́jọ́ ọdún ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ó ní àwọn kàn máa ń wá láti wo adágún látòkè ni, kí àwọn jẹun, kí àwọn sì padà. Àwọn méjì yòókù ti tẹ́ aṣọ sórí koríko, wọ́n ti gbé búrẹ́dì àti bíà jáde. Wọ́n gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn ń wo búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ tún un kó sínú báàgì.

Ká ní ilẹ̀ lè lanu, ǹ bá wọ̀ ọ́ lọ tèmi ti gèlè. Mo ní mo fẹ́ gbàdúrà, mo wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì náà lọ sá pamọ́.

Ìyá Hanna wọlé tẹ̀lé mi. Ó jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú, ó na ẹsẹ̀ títí èémí rẹ̀ fi balẹ̀. Ó wá béèrè ohun tí mo rò pé yóò ṣẹlẹ̀. Mo sọ fún un pẹ̀lú èdè tí mo ní, èyí tí kò pọ̀: pé lọ́dọ̀ wa, àlejò máa ń dìde, pé mo ti há ọ̀rọ̀ sórí. Mo rò pé yóò ní kí n má dààmú. Ó ní:

"Dìde, kí o sọ ọ́."

Mo dìde. Mo sọ orúkọ mi. Mo ní Odò-Orò ní ìpínlẹ̀ Èkìtì ni mo ti wá, pé olùkọ́ ni mí, pé mo dúpẹ́ pé ẹ gbà mí sáàárín yín. Ohùn mi ń dún padà lára ògiri bí ẹni pé ènìyàn púpọ̀ ló wà níbẹ̀. Arúgbó náà fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde, ó wá síbi tí mo dúró sí, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó pe orúkọ mi. Kò pè é dáadáa, ṣùgbọ́n ó pè é tán, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú náà, ẹnikẹ́ni kò tíì pè é tán.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀ ni, ayọ̀ ni n ó máa fi sọ ọ́.

A jáde, mo jókòó sórí koríko pẹ̀lú wọn, Hanna fún mi ní búrẹ́dì. Àwọn mìíràn tí a kò mọ̀ náà jókòó káàkiri, wọ́n ń wo omi. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Fóònù mi sì dún. Màmá ni, fídíò ló fi pè. Mo gbé e, mo sì rí gbogbo àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì wa: Màmá níwájú, àwọn akọrin ìyá lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ ìjọ, Ìyá Ràfíù pàápàá, aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí, wọlé wá nítorí kó lè rí mi, ó na ọrùn lẹ́yìn èjìká ẹnì kan. Màmá ní kí n fi ìjọ hàn wọ́n.

Mo ní ìsìn ti parí. Irọ́ kékeré ni, ó sì ti jáde kí n tó rò ó. Màmá ní ta ni Hanna níbẹ̀. Mo yí fóònù sí Hanna. Hanna juwọ́. Màmá ní òun fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yíjú sẹ́yìn, ó ká ọwọ́ sókè, gbogbo wọn sì mú orin tí a fi ń kí àlejò káàbọ̀, pẹ̀lú àtẹ́wọ́, pẹ̀lú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo agbára àyà wọn.

Ohùn wọn ta jáde lórí òkè náà. Ọkùnrin kan tó sùn sórí koríko dìde jókòó. Obìnrin kan yíjú, ó wo aṣọ mi, ó wo fóònù. Ajá kan ń gbó. Mo rí i pé gbogbo ojú ti wà lára mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ìtìjú tó ti fi mí sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì tún padà wá. Àtàǹpàkò mi wá bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Mo dín ohùn náà kù. Mo dín in kù títí ó fi pa, àwọn ìyá náà sì ń la ẹnu, wọ́n ń jó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, kò sí ìró kankan. Mo ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Nígbà tó yá, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mo sì pa á.

Hanna béèrè ìdí tí mo fi pa á. Ó ní orin náà ń dùn mọ́ òun.

Láti ìgbà náà, nǹkan yí padà fún mi níbi iṣẹ́. Hanna ń pe orúkọ mi. Ìyá rẹ̀ ti pè mí jẹun nílé wọn, mo sì ra bàtà òkè tèmi. Àwọn ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún ni wọ̀nyí, n kò sì lè fi gbogbo ẹnu jẹ wọ́n. Bí Màmá bá pè, mo ń yára. N ó ní iṣẹ́ pọ̀. N ó ní ilẹ̀ ti ṣú, bẹ́ẹ̀ oòrùn wà lójú ọ̀run. Èmi tí mo gbé ìkíni kiri bí ẹni ń ta ọjà tí kò tà, èmi náà ni wọ́n wá kọrin kí tí mo fọwọ́ bo ohùn wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà ìsinmi, Màmá pè lórí fóònù lásán, kò fi fídíò pè. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, mo ń gbọ́ adìẹ lẹ́yìn rẹ̀. A kí ara wa tán, ó wá béèrè:

"Ọmọ mi, lọ́jọ́ tí ẹ wà lórí òkè yẹn, ṣé ariwo wa ló pọ̀ jù?"

Mo sọ òtítọ́.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́, Màmá. Èmi ni mo dín ohùn yín kù. Ojú ló ń tì mí."

"Mo mọ̀," ló wí. "Mo rí ibi tí ò ń wò. Ùtìjú kì í fara pamọ́ lójú ẹni."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n gbọ́ tòun ná. Ó ní nígbà tí òun ti Ìfisìn wá sí Odò-Orò gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, àwọn ìyàwó ilé máa ń sín òun jẹ nítorí bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ọ̀nà jíjìn: ọkọ̀ kan dé Ìfàkì, òmíràn gba Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé. Síbẹ̀ àjèjì ni òun. Ó pẹ́ kí òun tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, kí wọ́n tó gba òun mọ́ra. Ọjọ́ kan ni gbogbo wọn jókòó tí wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́, ni òun gbọ́ ohùn ìyá òun láti ìpẹ̀kun ọ̀nà. Ìyá náà ru garawa epo láti gáréèjì, ó ń fi ohùn Ìfisìn ki oríkì òun bọ̀ bí ó ti ń ṣe nílé. Àwọn ìyàwó ń wo ojú ara wọn. Màmá ní òun rọra dìde, òun bọ́ sẹ́yìn àká, òun sì jókòó síbẹ̀.

"Ó pè mí títí ó fi rẹ̀ ẹ́," ni Màmá wí. "Ó gbé epo náà fún wọn pé kí wọ́n bá òun fún mi. Ó padà lọ lọ́jọ́ náà."

Mo béèrè bóyá ó lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun fẹ́ lọ lẹ́yìn ìkórè. Ìyá àgbà kò dúró de ìkórè.

Nínú gbogbo ọjọ́ ayé mi, n kò gbọ́ ìtàn yìí rí. Ni mo bá béèrè ohun tí ọmọdé ìbá béèrè.

"Epo yẹn ńkọ́, Màmá?"

"Mo fi se ọbẹ̀." Adìẹ ń ké lẹ́yìn rẹ̀, ó lé e. "Ó dùn, ọmọ mi. Ó dùn débi pé mo fi ìka nu ìkòkò. Èyí tó ń dùn mí títí di òní nìyẹn."